Àwòrán Tí A Kò Tètè Béèrè

Nígbà tí wọ́n ri òpó kámẹ́rà mọ́lẹ̀ ní Cadjèhoun, lẹ́bàá ògiri pápá ọkọ̀ òfuurufú, ojú burúkú ni gbogbo wa fi ń wò ó. Àbúrò mi ọkùnrin nìkan ló bá a dọ́rẹ̀ẹ́. Sémíjàn ló ń ṣe, ó ń fi alùpùpù gbé èrò káàkiri Kútọnu, ẹ̀wù yẹ́lò lọ́rùn, nọ́ńbà gàdàgbà lẹ́yìn. Bó bá ti dé abẹ́ òpó yẹn, á gbé ọwọ́ òsì sókè, á ní, "Ojú ìjọba, ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ ò sùn, ẹ ò jẹun!" Èrò tó bá gbé á bú sẹ́rìn-ín. Mo sọ fún un títí pé ọjọ́ kan ló máa ki ara rẹ̀ bọ gọ́tà níbi tó ti ń kí irin. Á ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fi mí sílẹ̀ jàre. Ẹni tó bá ń wo èèyàn tọ̀sán tòru, ó yẹ kéèyàn máa kí i."

Ẹja dídì lèmi ń tà. Mo ní fìríjì ńlá mẹ́ta lẹ́nu ọ̀nà ilé wa, mo sì ní ẹnu. Oníbàárà tó bá ní ẹja mi ti ń rà, gbogbo àdúgbò ló máa gbọ́ èsì tí mo bá fún un. Ẹnu yìí náà ni wọ́n tìtorí ẹ̀ yàn mí sínú ìgbìmọ̀, kì í ṣe ọgbọ́n. Àwọn òpó yẹn ti ń pọ̀ sí i nígbà náà, àwọn èèyàn ń kùn pé ṣé ìjọba fẹ́ máa wo àwọn níbi tí wọ́n ti ń wẹ̀ ni. Olórí àdúgbò pè wá jọ. A bá ilé mẹ́rì tó ń ṣàkóso ìlú àti ọlọ́pàá fa ọ̀rọ̀ náà títí, a jà, a pariwo, wọ́n sì gbà pé kí àdúgbò yan èèyàn tí yóò máa lọ sí kọmisáríà, àgọ́ ọlọ́pàá, láti béèrè ohun tí wọ́n ń fi kámẹ́rà ṣe. Ta lẹ wò? Kí ló dé tí ẹ fi wò ó? Bí ẹjọ́ bá wà nílẹ̀, ìgbìmọ̀ lè ní kí wọ́n gbé àwòrán jáde, ká fi ojú ara wa rí i, kí wọ́n sì bá wa tọ́jú ẹ̀. Kí ọlọ́pàá má baà máa ṣí i wò bó ṣe wù ú, a ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án fún ará ìta àfi níṣojú wa, àti pé alága wa ló gbọ́dọ̀ ṣíwájú, ẹnu ẹ̀ ni ọ̀rọ̀ gbọ́dọ̀ ti jáde. Inú wa dùn lọ́jọ́ yẹn bíi pé a gba ìlú.

Alága wa ni bàbá kan tí gbogbo wa ń pè ní Aláájì, ará Pobè, tó ti fi ọkọ̀ akẹ́rù jẹun kó tó darúgbó. Ọ̀rẹ́ bàbá mi ni ní Ṣakété, òun ló dúró bíi baba fún mi lọ́jọ́ ìgbéyàwó mi. Mi ò lè pè é ní èèyàn burúkú láéláé. Ṣùgbọ́n èèyàn dáadáa náà lè dá nǹkan rú.

Ọjọ́ tí a kọ́kọ́ lọ sí kọmisáríà, mo ti ń tún Faransé ṣe lẹ́nu láti àárọ̀. Mo mọ ìbéèrè tí mo fẹ́ bi ọ̀gá ọlọ́pàá ibẹ̀ àti bí màá ṣe dúró bí mo bá ń bi í. A wọlé, ọkùnrin náà dìde, ó wo ojú Aláájì, ó dọ̀bálẹ̀ gbalaja pẹ̀lú aṣọ ìjọba lọ́rùn. "Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin bàbá mi. Ẹ káàbọ̀, ẹ̀yin ìyá." Nàgó ni, Yorùbá bíi tiwa! Ará Pobè ni! Aláájì mọ ilé baba rẹ̀, ó mọ ìyá rẹ̀, ó tilẹ̀ ti fi ọkọ̀ gbé ẹrù ìyá náà rí. Wọ́n gbé omi tútù wá. Aláájì gbàdúrà, a ṣe àmín, a dìde. Gbogbo ìbéèrè tí mo kó lọ ni mo kó bọ̀.

Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn nígbàkígbà tí a bá lọ. Ìkíni, omi, àdúrà, ó dìgbòóṣe. Lọ́jọ́ kan mo bínú lójú ọ̀nà, mo ní, "Aláájì, ṣé ìṣọ́ la ń ṣe ni àbí ìkómọ?" Ó rẹ́rìn-ín, ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ẹnu ẹ! Ọmọ ẹni kò ní ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀ ká wá fi ìlẹ̀kẹ̀ sídìí ọmọ ẹlòmíì. Tiwa ni. Ohun tí òfin ò lè ṣe fún ọ, tiwa á ṣe é." Kò sì parọ́. Wọ́n mú ọmọ aládùúgbò wa kan torí kámẹ́rà rí i láàrin àwọn jàǹdùkú, Aláájì kàn fi pọ́tábù pe ọ̀gá náà ni, ọmọ ọ̀hún sì jẹun alẹ́ nílé. Èmi náà dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ni mo fẹ́ sọ?

Ọ̀sán ọjọ́ kan ni wọ́n wá mú àbúrò mi. Ó ń jẹun lọ́wọ́ nílé, ìyá wa jókòó tì í. Ọlọ́pàá ní ọlọ́kadà kan gbá ọmọbìnrin ilé-ìwé kan ní ìkóríta Godomey, tó jìnnà sí Cadjèhoun, ó sá lọ, ọmọ náà kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù. Kámẹ́rà Godomey rí ẹ̀yìn ẹni tó sá lọ, kò rí ojú rẹ̀. Ẹ̀wù yẹ́lò ni. Nọ́ńbà tó sì wà lẹ́yìn ẹ̀wù náà, ti àbúrò mi ni.

Ẹ gbà mí! Ta ni kò mọ̀ pé ẹ̀bá ọ̀nà ni wọ́n ti ń kọ nọ́ńbà yẹn séèyàn lẹ́wù? Ẹni tí kò ní ìwé, á wo ti ẹlòmíì, á ní kí wọ́n kọ ọ́ fóun náà. Mo pariwo ọ̀rọ̀ yìí ní kọmisáríà títí ohùn mi fi há. Àbúrò mi ní tirẹ̀ kò pariwo. Ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ fara balẹ̀. Ní wákàtí tí wọ́n ń wí yẹn, ẹ̀gbẹ́ ògiri pápá ọkọ̀ òfuurufú ni mo wà, mò ń dúró de èrò. Mo tilẹ̀ kí i! Mo gbọ́wọ́ sókè, mo kí i. Ẹ ní kí wọ́n lọ wo kámẹ́rà tiwa, wọ́n á rí mi níbẹ̀."

Orí mi wú. Mo yíjú sí igbákejì ọ̀gá, mo ní kí ó ṣí ẹ̀rọ náà. Ó ní òun ò lè ṣí i fún ẹbí. Ó ní, "Ìyá Ẹlẹ́ja, ẹ̀yin ìgbìmọ̀ lẹ ní ká má fọwọ́ kàn án lẹ́yìn yín. Ẹ jẹ́ kí alága yín wá béèrè, a ó ṣí i lójú ẹsẹ̀. Ṣùgbọ́n ẹ má pẹ́. Bí oṣù bá yí, tuntun máa ń bo ti tẹ́lẹ̀ mọ́lẹ̀ fúnra rẹ̀." Mo rẹ́rìn-ín sí i lójú. Kí ni mo fẹ́ fi oṣù kan ṣe? Èmi fúnra mi wà nínú ìgbìmọ̀, ilé alága kò ju ibi tí èèyàn lè fẹsẹ̀ rìn dé lọ. Ìgbà tí Ọlọ́run bá máa ṣe é fúnni, báyìí ló máa ń ṣe é.

Mo bá Aláájì lẹ́nu ọ̀nà, ó ń wé láwàní, ojú rẹ̀ pọ́n. Kí n tó la ẹnu, ó ní, "O ti gbọ́? Ìyá ọ̀gá ọlọ́pàá ti kú. Pobè là ń lọ yìí."

Mo kí i kú àjálù. Lẹ́yìn náà mo ro ẹjọ́ tèmi, mo ní kí ó kọ́kọ́ bá mi yà ní kọmisáríà, kí ó sọ gbólóhùn kan péré fún igbákejì. Ó gbọ́ mi tán. Omi wà lójú rẹ̀. Ó ní, "Ọmọ mi, ta ló ń gbé ẹjọ́ lọ bá ẹni tó gbókùú ìyá sílẹ̀? Bí mo bá gba ẹ̀yìn rẹ̀ lọ béèrè lọ́wọ́ igbákejì, ó máa dé, á gbọ́ pé ọjọ́ tí ìyá òun kú ni àwa ará ilé rẹ̀ lọ ń tú ẹ̀rọ rẹ̀ wò. Kí ni yóò pè wá? Jẹ́ ká ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ. Bó bá ti parí, màá bá a sọ ọ́ gẹ́gẹ́ bí baba sí ọmọ, á tú u sílẹ̀ pátápátá láìwo àwòrán kankan." Ó lọ.

Mi ò ní parọ́, àṣà wa ni. Nílé wa ní Ṣakété, bí ọ̀fọ̀ bá ṣẹ èèyàn, ẹni tó jẹ gbèsè kì í gbọ́ ohùn olówó, ẹni tó ń bá a jà á wá jókòó tì í lórí ẹní. Mo fẹ́ràn àṣà yìí. Ó ti bò mí láṣìírí rí nígbà tí bàbá mi kú. Ṣùgbọ́n àbúrò mi wà látìmọ́lé, ìyá wa sì ń gbé oúnjẹ lọ fún un láràárọ̀, ó ń bọ̀ pẹ̀lú abọ́ tí wọn ò jẹ́ kí ó fọwọ́ ara rẹ̀ gbé fún un.

A lọ sí Pobè fún àdúrà ọjọ́ kẹjọ, gbogbo ìgbìmọ̀. Mo rí ọ̀gá náà lórí ẹní, ó ti rù, ojú rẹ̀ wú. Àánú rẹ̀ ṣe mí ní tòótọ́. Síbẹ̀ mo ń sún mọ́ ọn díẹ̀díẹ̀, nítorí ọ̀rọ̀ mi ò ju ìṣẹ́jú kan lọ. Ọwọ́ Aláájì ni mo rí léjìká mi. Kò pariwo. Ó ní, "Bí o bá la ẹnu níbí lónìí, má pè mí ní bàbá rẹ mọ́." Ó fà mí jáde bí ẹni ń fa ewúrẹ́. Gbogbo àwọn obìnrin tó ń pín oúnjẹ ló ń wò mí.

Nígbà tí a padà dé Kútọnu tí ọ̀gá náà kò tíì dé, mo ní kí ìgbìmọ̀ jókòó. Bàbá kan wà láàrin wa, Àgùdà ni, ọmọ àwọn tó ti Brazil padà wá sílé láyé àtijọ́, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì. Òun nìkan ló gbè mí. Ó yọ awò ojú rẹ̀, ó ní, "Aláájì, ẹ̀rọ kì í ṣọ̀fọ̀ o. Ó ń ka ọjọ́ rẹ̀ lọ ni."

Aláájì ní, "Ẹ̀rọ kọ́ la fẹ́ bẹ̀. Èèyàn la fẹ́ bẹ̀. Ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́."

Mo ní, "Ohun tí a bá fi ọ̀lẹ mú ńkọ́? Aláájì, bí èèyàn bá ń sunkún, ó máa ń ríran! Ọ̀gá lè máa sunkún ìyá rẹ̀ kí ó sì sọ fún igbákejì pé ó yá, ẹ ṣí i. Ṣé ẹ̀ṣẹ̀ ni?"

Ẹnìkan ní àsìkò yìí kọ́ ni kí obìnrin máa gbóhùn sókè sí àgbà. Wọ́n fẹnu kò pé ká jẹ́ kí ọ̀gá dé, kó sinmi, kó ṣe àdúrà ogójì ọjọ́ tán, ká wá lọ kí i kú àṣẹ̀yìndè pọ̀, ká sì gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ bó ṣe yẹ. Mo pòṣé, mo jáde. Mo tún lọ bá igbákejì, mo kúnlẹ̀ fún un nínú kọmisáríà, èmi tí mo dàgbà ju ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lọ. Ó fà mí dìde, ó ní kí n má fi òun ṣe èèyàn burúkú, òfin tí a fọwọ́ ara wa bẹ̀bẹ̀ fún ni. Bàbá Àgùdà náà lọ, wọ́n ní òun kọ́ ni alága.

Nílé, ìyá wa kò béèrè nǹkan méjì lọ́wọ́ mi. Bí mo bá ti wọlé, á ní, "Kámẹ́rà yẹn ńkọ́?" bí ẹni ń béèrè èèyàn tó lọ sí ìrìn àjò. Ó ti gbà á gbọ́ ju bí mo ṣe gbà á gbọ́ lọ. Ó ń bẹ̀ ẹ́ nínú àdúrà rẹ̀. Mo ń sọ fún un pé wọ́n ti fẹ́ wò ó, ó kù díẹ̀.

Ọjọ́ tí a lọ sí kọmisáríà lẹ́yìn àdúrà ogójì ọjọ́, Aláájì wọ agbádá funfun. A gbé àpò ìrẹsì kan àti ẹja tí mo fọwọ́ ara mi yàn lọ fún ọ̀gá náà. A kí i, a ṣe àdúrà fún ìyá rẹ̀. Lẹ́yìn gbogbo rẹ̀, Aláájì fa ọ̀rọ̀ náà yọ pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́, ó rò ó dáadáa, mi ò lè sọ pé kò rò ó dáadáa. Bó ṣe ń sọ ọ́ ni ojú ọ̀gá náà ń yí padà. Ó dìde dúró. Ó ní, "Bàbá, ẹ ṣẹ̀ṣẹ̀ ń sọ fún mi? Kí ló dé tí ẹ ò pè mí? Ọ̀rọ̀ ẹnu kan ni! Ibojì ìyá mi ni ǹ bá ti sọ fún wọn pé kí wọ́n tọ́jú ẹ̀!"

Ó pe ọmọ tó ń tọ́jú ẹ̀rọ. A tò sẹ́yìn rẹ̀, a ń wo ojú ẹ̀rọ náà. Ó tẹ̀ ẹ́ síwájú, ó tẹ̀ ẹ́ sẹ́yìn. A rí ògiri pápá ọkọ̀ òfuurufú, a rí alùpùpù, a rí ẹ̀wù yẹ́lò lóríṣiríṣi, obìnrin tó gbé igbá, òjò tó ń rọ̀ lórí ọ̀dà. Ṣùgbọ́n gbogbo rẹ̀, ẹ̀yìn ọjọ́ tí wọ́n mú àbúrò mi ni. Ó ní ibi tó bẹ̀rẹ̀ nìyẹn, kò sí ohun tó ṣáájú rẹ̀ mọ́. Aláájì ní kó tún wò ó. Ó tún wò ó. Aláájì ní, "Tún un wò, ọmọ mi, jọ̀ọ́." Mo ní kí n bú Aláájì, mi ò rí ohùn. Ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi nìyẹn tí ẹnu kọ̀ fún mi.

Ẹjọ́ dé ilé ẹjọ́. Ọ̀gá náà ṣe gbogbo ohun tó lè ṣe, ó wá dúró, ó ní ọmọlúàbí lòun gbọ́ pé ọkùnrin náà jẹ́. Adájọ́ béèrè ẹ̀rí. Ẹ̀rí ọ̀hún ni ẹ̀yìn ẹ̀wù yẹ́lò tó wà lọ́wọ́ wọn, àti ọwọ́ òsì tó lọ sókè tí kò sí lọ́wọ́ wa. Ìyá ọmọbìnrin tó kú wà níbẹ̀, ó wọ dúdú láti òkè délẹ̀. Mi ò lè bínú sí i. Ó ń wo àbúrò mi bí mo ṣe máa wo ẹni tó bá pa ọmọ mi. Wọ́n fi í sẹ́wọ̀n ọ̀pọ̀ ọdún. Bí wọ́n ti ń mú un lọ, ó wẹ̀yìn wò mí, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Mo kúrò nínú ìgbìmọ̀. Aláájì rán èèyàn sí mi títí, mi ò lọ. Bí ó bá ń kọjá lẹ́nu ọ̀nà mi, màá ki orí bọ inú fìríjì bí ẹni ń wá ẹja. Ìyá wa kò jà, kò bú ẹnikẹ́ni. Ó kàn ń gbẹ ni. Oúnjẹ tó bá sè, á bu ti ọmọ rẹ̀ sọ́tọ̀, á gbé e dání, á wá rántí pé wọ́n ti gbé e lọ síbi tó jìnnà. Kò tún béèrè kámẹ́rà lọ́wọ́ mi mọ́. Ó kú lówùúrọ̀ kan kí ojú tó là dáadáa, ẹ̀gbẹ́ mi ló kú sí. Ọmọkùnrin kan ṣoṣo tó bí ló yẹ kó wọ inú ibojì gba òkú rẹ̀, kó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tẹ́ ẹ. Ọmọ ẹ̀gbọ́n bàbá mi ló bá wa ṣe é. Mo kọ ẹ̀yìn sí wọn, mi ò lè wò ó.

Àwọn èèyàn wá kí wa. Àdúgbò wa mọ̀ ọ́n ṣe, mi ò ní gbà á lọ́wọ́ wọn. Aláájì wá, ó jókòó sórí ẹní bí ọmọdé, mi ò lé e. Ọjọ́ kẹjọ, lẹ́yìn àdúrà, ó mú ọ̀gá ọlọ́pàá dání wá. Oṣù ti gorí oṣù, ẹjọ́ ti gorí ẹjọ́ lọ́wọ́ ọkùnrin náà, ó sì ti pẹ́ tó ti rí mi láàrin ìgbìmọ̀. Ó mọ̀ mí sí Ìyá Ẹlẹ́ja. Kò wọ aṣọ ìjọba. Ó bọ́ bàtà, ó kúnlẹ̀ kí wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó ní òun mọ bó ṣe ń dun èèyàn, ìyá ò ṣeé fi ṣàfiwé. Omi bọ́ lójú rẹ̀, kì í ṣe omi ẹ̀tàn. Ó wá wo àwọn ọkùnrin tó jókòó, ó ń wá ojú kan.

Ó ní, "Wọ́n ní ìyá bí ọmọkùnrin. Ó dà? Ẹ bá mi pè é, kí n kí i kú àṣẹ̀yìndè."

Mo wo ọkùnrin náà dáadáa. Kò mọ̀. Ó ti gbàgbé ẹjọ́ àbúrò mi.

Mo ní, "Ó wà lẹ́wọ̀n, sà. Òun ni ẹni tí a ní ká jẹ́ kí ẹ sin ìyá tiyín tán ká tó wá bẹ̀ yín fún."